Bless méjì lórí èèyàn kan, ṣé wọ́n ń ro pọ̀?

Jagunjagun_d20: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe Dungeons & Dragons (eré orí tábìlì tí wọ́n ń fi dice ta), ẹ gbà mí o. Cleric (àlùfáà tó ń pidán) méjì ló wà nínú tíìmù wa, àwọn méjèèjì sì fi Bless (spell, ìyẹn idán, tó ń fi d4 kún ohun tí mo bá jù) sórí fighter (jagunjagun) mi, ṣé d4 (dice olójú mẹ́rin) méjì ni kí n máa jù àbí ẹyọ kan?

OníDice: Ẹyọ kan ni jàre. Tó bá jẹ́ spell kan náà, èyí tó lágbára jù nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bless pẹ̀lú Shield of Faith (spell mìíràn, tó ń dáàbò bo èèyàn) ló lè jọ wà.

Màmá_Goblin: Àmọ́ ìkejì ò ṣòfò tán o, tí wọ́n bá gbá cleric àkọ́kọ́ tí concentration ẹ̀ (ìfọkànsí tó gbé spell náà dúró) já, tìkejì ṣì wà níbẹ̀.

Jagunjagun_d20: Fireball (spell bọ́ọ̀lù iná) méjì ńkọ́?

OníDice: Ìyẹn yàtọ̀, ó bú ó parí nìyẹn, 8d6 (dice olójú mẹ́fà, mẹ́jọ) lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn ọ̀tá máa jẹ, ìyẹn tí wọn ò bá tíì kú sí àkọ́kọ́ 😂