Ta ló ni àtúnṣe ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an, káńsù ni àbí ìpínlẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá mọ òfin kó là mí lọ́yẹ̀. Ìjì ká páànù ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba táwọn ọmọ wa ń lọ, praímárì 3 àti 4 wá ń jókòó pọ̀ sínú yàrá kan, tíṣà kan kọjú sí bọ́ọ̀dù níwájú, èkejì ń pariwo lẹ́yìn, kí làwọn ọmọ fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? A dé káńsù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni, a dé ọ̀dọ̀ àwọn tìpínlẹ̀, wọ́n ní ká padà sí káńsù.

Mo kà á nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 pé káńsù máa dá sí pípèsè àti títọ́jú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin UBE 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, náà tún ní SUBEB, ìyẹn àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, àti LGEA, ìyẹn àjọ ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Kóòtù tó ga jù lọ wá dájọ́ ní July 2024 pé kí owó káńsù máa lọ bá wọn tààrà. Ṣé ìyẹn ti wá sọ páànù di tiwọn báyìí?

Ta la máa kọ lẹ́tà sí gan-an, ta la máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí? Ṣé SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé, lè buwọ́ lù ú àbí PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, nìkan? Àwọn kan ti ń sọ pé káwọn òbí dáwó, èmi ò kọ̀ o, àmọ́ ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é.