Ṣé Flutter ni kí n fi kọ áàpù àjọ ìyá mi?

Ọmọ Alájọ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìyá mi ń gba àjọ lọ́jà Bódìjà. Òjò ti ba ìwé wọn jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fẹ́ kọ áàpù tí wọn yóò máa fi ṣe àkọsílẹ̀. Java, èdè tí a fi ń kọ áàpù, mo mọ̀ ọ́n díẹ̀, RAM 8GB ni kọ̀ǹpútà mi ní. Android ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn, àmọ́ àwọn kan ń lo iPhone. Ṣé Flutter tó ń jẹ́ kí a kọ ti Android àti ti iPhone pa pọ̀ ni, àbí Kotlin, èdè tí wọ́n sábà fi ń kọ ti Android?

Bàbá Ìbejì
Àbúrò, Flutter ni mo fi ń jẹun láti 2019. Dart, èdè tí a fi ń kọ ọ́, kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó mọ Java. Hot reload ló mú mi dúró tì í: o pààrọ̀ àwọ̀ bọ́tìnnì, o tẹ save, kí o tó ṣẹ́jú ó ti yọ lójú fóònù.

Flutter kì í yá bọ́tìnnì Android tàbí ti iPhone lò, òun fúnra rẹ̀ ló ń ya gbogbo ohun tí ò ń rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí áàpù rí bákan náà lórí méjèèjì. Ìyẹn náà ló jẹ́ kó wúwo, torí ẹ̀ńjìnnì tó ń yàwòrán yẹn ń bá a kiri. APK àkọ́kọ́ (fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí Android) tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, oníbàárà mi ní ṣé fíìmù ni. Tí o bá fẹ́ kọ́ APK, fi `--split-per-abi` kún àṣẹ rẹ, yóò ya APK tirẹ̀ fún irú ẹ̀rọ fóònù kọ̀ọ̀kan, yóò fúyẹ́. Má fi emulator, fóònù àfarawé inú kọ̀ǹpútà, pa ẹ̀rọ rẹ. Fi wáyà so fóònù mọ́ ọn. Kí o sì yẹ fọ́ǹtì wò dáadáa! Èyí tí mo kọ́kọ́ lò kò ní ọ̀, "Adébọ̀wálé" wá dà bí ẹni tó wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sẹ́sẹ̀ méjèèjì.

Ti iPhone, àfi kí o wá Mac, kọ̀ǹpútà Apple, tí Xcode, irinṣẹ́ wọn fún kíkọ áàpù, yóò ti ṣiṣẹ́. Apple tún ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún kó tó gbé áàpù sórí igbá. Google Play, dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan péré.

Kotlin_Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ò tíì bi í pé ta ló fẹ́ lo áàpù náà. Bó bá jẹ́ ìyá nìkan, kí ni ti iPhone? Mo ti fi Flutter so ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ rìsíìtì pọ̀ mọ́ fóònù rí. Ẹni tó kọ package (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún ìlò) tí mo lò ti pa á tì, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jìyà.

Bàbá Ìbejì
Òótọ́ ni, mi ò bi í.

Ọmọ Alájọ
Mo bi ìyá mi lálẹ́ àná. Wọ́n ní kò sí oníbàárà àwọn tó bèèrè áàpù. Káàdì àjọ tí àwọn ń sàmì sí lójú wọn ló yé wọn. Kotlin náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì, fọ́ǹtì wo ló ní ọ̀?

Bàbá Ìbejì
Noto Sans.