Kí ló dé tí orin blues ojú agbo fi ń wọ̀ mí ní akínyẹmí ara ju ti sítúdíò lọ?

Ọmọ Onígìtá:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti ń gbọ́ orin blues, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, kí n tó dé ìdí rẹ̀ wà níbí. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ gìtá ni mo ti ń gbọ́ B.B. King, olórin blues àti onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn orin tó kọ ní sítúdíò nìkan ni mo mọ̀. Oṣù tó kọjá ni mo gbọ́ àwo rẹ̀ Live at the Regal, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Regal ní ìlú Chicago ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1964. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ti sítúdíò kò ti fi bẹ́ẹ̀ dùn létí mi mọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ti sítúdíò ló mọ́ gaara, tí a ti ń gbọ́ ohun èlò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ariwo ẹnikẹ́ni kò sì bo orin mọ́lẹ̀. Kí ló wá wà nínú ti ojú agbo tí kò sí nínú èkejì? Ṣé etí mi ni kò tíì mọ orin gbọ́ ni?

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù:
Àbúrò, etí rẹ kò ní àbùkù kankan. Ariwo tí o pè ní ìdíwọ́ yẹn gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ. Padà sí ibi tó ti ń kọ "How Blue Can You Get", níbi tí ọkùnrin kan ti ń ka oore tó ṣe fún obìnrin tí kò moore. Ó ra ọkọ̀ Ford tuntun fún un, obìnrin náà ní Cadillac ni òun fẹ́. Ó ra oúnjẹ dọ́là mẹ́wàá fún un, obìnrin náà ní o ṣé fún ìpanu. Gbọ́ bí igbe èrò ṣe ń ga sí i bí ẹ̀sùn ṣe ń gorí ẹ̀sùn, títí tó fi kan àwọn ọmọ méje tó fún un, tí obìnrin náà wá fẹ́ dá padà. Ibẹ̀ ni gbogbo gbọ̀ngàn ti bú sí igbe, àwọn obìnrin ń ké bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé wọn ni wọ́n gbé síta. Àwọn èrò yẹn kì í ṣe òǹwòran lásán, elégbè ni wọ́n. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Chicago ni Regal wà kí wọ́n tó wó o ní ọdún 1973, Mississippi tí B.B. King ti wá sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ ti ṣí wá wáṣẹ́. Ó lé orin, wọ́n gbè é, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń sọ kó tó parí rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Olórin:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú sítúdíò. B.B. King fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti ṣe ọ̀pọ̀ eré tó dára ju ti Regal lọ, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ní pàtẹ́wọ́ nínú ló jẹ́ ojúlówó. Lójú tèmi, àyè ni eré ojú agbo fi ju sítúdíò lọ. Láyé ìgbà náà, orin tí wọ́n fẹ́ tà lórí àwo kékeré kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, yálà olórin ti sọ tẹnu rẹ̀ tán tàbí kò tíì sọ ọ́ tán.

Ẹ gbọ́ Muddy Waters, olórin blues mìíràn, ní àjọ̀dún orin jáàsì ti ìlú Newport ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1960. Nígbà tó kọ "Got My Mojo Working" tán, èrò kò jẹ́ kó lọ, ni ẹgbẹ́ rẹ̀ bá tún gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Muddy di James Cotton tó ń fun hàmóníkà mú, tí wọ́n jọ ń jó lórí pèpéle. Ọjọ́ yẹn kan náà sì ni ọjọ́ ìbànújẹ́, nítorí pé rògbòdìyàn àwọn ọ̀dọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú ti mú kí àwọn aláṣẹ ìlú pàṣẹ pé kí àjọ̀dún náà dópin. Akéwì Langston Hughes kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Otis Spann tó ń tẹ dùùrù fún Muddy sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kọ ọ́ lórin. Sítúdíò wo ló lè gba ayọ̀ àti ìdárò papọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo?

Akínkúnmi:
Ẹ fi eré ojú agbo ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Cook County ní Chicago kún un, tí B.B. King ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970. Kí ó tó fọwọ́ kan gìtá rárá ni wọ́n ti dárúkọ ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà (sheriff) àti adájọ́ àgbà, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì hó lé wọn lórí.

Ọmọ Onígìtá:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Lálẹ́ àná ni mo gbé gìtá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pa iná, mo tún gbọ́ ti Regal láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí B.B. King bá ń kọrin, gìtá rẹ̀ a dákẹ́, bó bá sì panu dé ni gìtá náà á dáhùn. Ohun tí n kò kíyè sí ni pé nínú àlàfo kékeré tó wà láàárín ohùn rẹ̀ àti gìtá ni igbe èrò sábà máa ń wọlé, tí òun náà á sì dúró dè wọ́n díẹ̀ kó tó fọwọ́ kan okùn. Inú àlàfo yẹn ni èmi máa ń sáré kọjá nígbà tí mo bá ń ta orin náà nínú yàrá mi. Ní alẹ́ yìí, ti Newport ni mo fẹ́ gbọ́.