Báwo ni dókítà ṣe lè dá obìnrin tí ọkọ ń lù mọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí l'Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n ní kí n bá àwọn dókítà tuntun wa sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n ń lù nínú ilé. Obìnrin á wọlé, ojú á ti wú, á ní òun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ọkọ á dúró tì í gbagidi, òun ni á máa dáhùn gbogbo ìbéèrè. Dókítà á kọ oògùn ìrora, ó parí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ láti 2013: ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ má dá a lẹ́bi, ẹ wádìí bóyá ewu wà nílé. Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ìyẹn ò le kọ́.

Báwo lẹ ṣe ń mú ọkọ bọ́ síta láì jẹ́ kó fura? Kí ni mo lè sọ fún dókítà tó ní ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni, kò kan òun? (Inú máa ń bí mi!) Mo tún fẹ́ pe obìnrin kan tó ti bọ́ nínú rẹ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ tún dà á lọ́kàn rú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.