Ìdáhùn sí "ìmọ̀ṣà ìgbẹ̀bí": ẹ yọ "mọ̀" yẹn kúrò níbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ o.

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká fi pe ìgbẹ̀bí tó ka àṣà aláboyún sí, mo kàn ń mi orí ni, mo ní kí n jẹ́ káwọn tó kàwé èdè fà á láàárín ara wọn tó. Àmọ́ láàárọ̀ yìí tí Bàbá Olùkọ́, àgbà tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lédè, fọwọ́ sí i pé "ìmọ̀ṣà ìgbẹ̀bí" ni ká lò nínú ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fáwọn agbẹ̀bí, pé òun ló túmọ̀ sí kí agbẹ̀bí lóye àṣà àti irú ayé tí aláboyún tó ń tọ́jú ń gbé, mi ò lè dákẹ́ mọ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "aboyún" ló tọ̀nà, pé "alá" yẹn ti pọ̀ jù, ẹ dúró ná, ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní ayọjúràn, kó pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti gírámà kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí ní torí pé a ní "ọ̀mọ̀wé", a lè ní "ìmọ̀ṣà". Kò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Ìwé ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ì", "ì" sì ni gbogbo ayé máa ń gbé mì nínú ìsúnkì, ẹ wo "mọ̀wé", ẹ wo "kàwé". "À" ti àṣà ò gba ìgbàkugbà bẹ́ẹ̀. "Ajẹmáṣà" (a-jẹ-mọ́-àṣà) tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ kiri, ta ló lé "ọ́" tó wà lẹ́yìn "m" lọ? Ṣebí "à" yẹn náà ni. Tó bá di dandan, "ìmàṣà" ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn náà sì dún bíi téèyàn tó fẹ́ sín.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní gírámà ẹ̀ gún régé, mi ò ní gbà á síbẹ̀, torí "mọ̀" yẹn gan-an ni wàhálà. Lédè wa, ẹni tó bá ti mọ̀ ti parí. Ẹni tó mọ̀nà kì í bèèrè ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún agbẹ̀bí pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni pé kó mọ àṣà, á mọ̀ ọ́n lóòótọ́, á há a sórí bíi kátíkísìmù, wàhálà dé nìyẹn.

Èmi náà mọ̀ ọ́n nígbà kan. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kó wa jọ fún kọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ méjì kan, wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó fún wa: àwọn báyìí máa ń pariwo tí wọ́n bá ń rọbí, àwọn báyìí máa ń fara dà á, ẹlẹ́sìn báyìí ò ní fẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kan òun. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ni obìnrin kan bá dé lóru, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ní wọ́n máa ń pariwo, àmọ́ ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó dijú, ó kàn ń mí. Èmi tí mo mọ àṣà, mo ní ìrọbí ò tíì mú èyí, mo fi í sílẹ̀ mo lọ bá ẹni tó ń ké lápá kejì wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo máa padà dé, orí ọmọ ti yọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, tìyá tọmọ ló yè. Mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí ò pè mí, ó ní ìyá ọkọ òun ló jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ò sì fẹ́ kó gbọ́ ohùn òun.

Ẹ ò rí i? Ìyẹn kì í ṣe àṣà ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọ̀rọ̀ àárín ìyàwó àtìyá ọkọ, kò sí pátákó tó lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí "àṣà" nìkan dá dúró nínú ọ̀rọ̀ náà, torí ta ló ń sanwó, ta ló máa sọ pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí kí wọ́n má ṣe é, ta ló ń bá a túmọ̀ ohun tí dókítà ń wí, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọkọ ṣe ògbufọ̀, tí wọ́n wá ní kó bi ìyàwó ẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń lù ú nílé. Ọkọ ní rárá. Kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo rí i o. Lọ́dún 1998, dókítà méjì l'Amẹ́ríkà, Melanie Tervalon àti Jann Murray-García, kọ̀wé tako irú "mọ̀" yìí gan-an, wọ́n ní àṣà ẹlòmíì kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ́ tán bí ẹni kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́, ìrẹ̀lẹ̀ ló gbà, kéèyàn máa yẹ ara ẹ̀ wò títí ayé. Ṣáájú wọn, Irihapeti Ramsden, nọ́ọ̀sì ọmọ Māori ní New Zealand, ti jà fún ohun tí wọ́n ń pè ní "cultural safety", ìyẹn ìtọ́jú tí kì í fojú àṣà ẹni gbolẹ̀, débi pé lọ́dún 1992 ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ mú un wọnú ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tí obìnrin yẹn ní ká wò ò sí lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì rárá: ẹni tí wọ́n tọ́jú ló lẹ́nu láti sọ bóyá ọkàn òun balẹ̀. Ta ló wá ń "mọ̀" níbẹ̀, Bàbá Olùkọ́?

Ẹnì kan ní àwọn Faransé ń pe agbẹ̀bí ní "sage-femme", obìnrin ọlọ́gbọ́n, pé ìmọ̀ ti wà nínú ẹ̀ látilẹ̀. Ó dáa. Kó lọ wo ti Gẹ̀ẹ́sì náà, "midwife", "mid" àtijọ́ yẹn "pẹ̀lú" ni, ẹni tó wà pẹ̀lú obìnrin. Tiwa ńkọ́? Gbà. A-gbà-ẹ̀bí. Àwọn baba wa ò fi ọgbọ́n sí i, wọn ò fi ìmọ̀ sí i, ọwọ́ tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi sí i.

Àǹtí wa tó ń gbé òkè òkun wá sọ pé "ẹbí" ló wà nínú agbẹ̀bí, pé ẹni tó gba gbogbo ẹbí mọ́ra ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì dùn mí pé kì í ṣòótọ́. Ohùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ ẹbí, ohùn ìsàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bí. Bóyá "bí" kan náà ló wà ní ìdí méjèèjì o, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, àmọ́ ohùn ni ohùn ń jẹ́. Mo ṣáà máa fún un ní máàkì díẹ̀, torí ọmọ tí mo gbà láìsí ẹbí lẹ́nu ọ̀nà ò pọ̀.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí èdè yìí fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìkúnlẹ̀ abiyamọ" là ń wí, ẹnì kankan ò sọ pé "ìdùbúlẹ̀ abiyamọ" rí. Ìyá mi àgbà gbẹ̀bí láìmọ̀wé. Nígbà tí mo sọ fún un pé gbalaja la máa ń dá wọn dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ṣé òkú ni wọ́n ni?" Mo fi rẹ́rìn-ín torí mo ti lọ síléèwé. Lọ́dún 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn 56 jáde lórí ìtọ́jú obìnrin tó ń rọbí, ó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó fúnra ẹ̀ yan bó ṣe fẹ́ wà, ì báà jẹ́ ìdúró tàbí ìkúnlẹ̀, kí ẹni tí òun fúnra ẹ̀ bá yàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyá àgbà ti lọ tipẹ́ nígbà yẹn.

Ẹ wo "ibi" náà. Àwọn Māori ń pe ilẹ̀ ní "whenua", "whenua" náà ni wọ́n ń pe ibi ọmọ. Agbẹ̀bí tí ò bèèrè, tó gbé e jù sí korobá ìdọ̀tí, kò mọ ohun tó jù nù. Tiwa, ibi ọmọ àti ibi tó jẹ́ òdì-kejì ire, ohùn kan náà ni. Bàbá mi máa ń jà pé "ibi" inú "tibi-tire la dálé ayé", ibi ọmọ ni, pé ọmọ ni ire. Mi ò gbà fún un títí tó fi kú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tún dá ìyẹn sílẹ̀.

Àti "a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ". Gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù sì ń bèèrè: oyún mélòó, ọmọ mélòó, mélòó ló kú. Obìnrin á ní "wọ́n wà níbẹ̀". Nọ́ọ̀sì á fi ìbínú kọ ọ́ pé kò fẹ́ dáhùn. Bẹ́ẹ̀ oyún tó ti bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lè wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó ya lára ẹ̀ nígbà tó bí ti ìṣáájú lè wà níbẹ̀, ohun tó yẹ kí agbẹ̀bí ti gbọ́ kí ọjọ́ tó pé. Tí wọ́n bá dúró kí òun nìkan ṣẹ́ kù, kí wọ́n ní, "Nígbà tó o bí èyí tó kẹ́yìn, báwo ni ara ẹ ṣe ṣe?", á sọ.

Ohun tí mo mú wá ni "ìgbẹ̀bí abèèrè". Abèèrè kì í ṣìnà. Mo sì ti gbọ́ èsì yín kí n tó kọ ọ́, pé ó dún bí ẹni tí ò mọ iṣẹ́. Bàbá Olùkọ́ tiẹ̀ ti kọ ọ́ sí mi níkọ̀kọ̀ pé aláboyún wo ló fẹ́ agbẹ̀bí tó ń bi í ní ìbéèrè. Bàbá, ẹ má bínú, àgbà ni yín, ọ̀pọ̀ nínú ilé yìí lẹ kọ́ lédè, àmọ́ ọmọ mélòó lẹ ti gbà? Kí agbẹ̀bí mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tó fẹsẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni ààyè "mọ̀". Obìnrin ni kó bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ kó mú un wá, kó ṣáà má fi "ajẹmọ́" bẹ̀rẹ̀, ajẹmọ́ ti sú mi, ohun gbogbo ti jẹ mọ́ ohun gbogbo tán.

Ó ku nǹkan méjì nínú ìwé pélébé yẹn. Ìgbà mẹ́rin ni ojú ìwé kìíní pe aláboyún ní "aláìsàn". Àìsàn wo ló ń ṣe é? Lójú ìwé kejì, "agbẹ̀bi" ni wọ́n kọ, kò sí àmì òkè lórí "i". Ẹni tó gba ẹ̀bi nìyẹn. Lóòótọ́ àwa náà ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù tí nǹkan bá yíwọ́, àmọ́ ẹ bá mi fi àmì yẹn sí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.