Agbábọ́ọ̀lù tí líìgì fòfin dè: ṣé kóòtù Abẹ́òkúta lè gbà á?

Ọmọ Aké: Ẹ̀yin ará, bí líìgì bá ní kí agbábọ́ọ̀lù má gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mélòó kan, ṣé agbẹjọ́rò lè gbé e lọ sí kóòtù gíga níbí?

Bàbá Kútọ̀: Ẹ má dán an wò. Òfin FIFA kò fàyè gba kóòtù ìjọba fún irú ẹjọ́ yìí, ìyà mìíràn sì lè tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló yàtọ̀. Ní ti ìfòfindè yìí, ẹ kọ́kọ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Bí ibẹ̀ bá parí, ó ku CAS, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé, ní Lausanne ní Switzerland. Ọjọ́ 21 péré ni wọ́n ń fúnni, láti ọjọ́ tí ìwé ìdájọ́ bá tẹni lọ́wọ́. Ẹni tó bá pẹ́, ẹjọ́ ẹ̀ ti kú nìyẹn! Owó ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ 1,000 faranki Switzerland, wọn kì í dá a padà.

Àbẹ̀kẹ́ Lantoro: Òótọ́ ni bàbá sọ. Àmọ́ ìwé ẹjọ́ nìkan kì í dá ìjìyà dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ìdádúró lọ́tọ̀, kí ẹ fi hàn pé àdánù tí kò ṣeé tún ṣe ń bọ̀, àti pé ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ó tọ́ kéèyàn jà: CAS gé ìjìyà ọdún 4 ti agbábọ́ọ̀lù Paul Pogba kù sí oṣù 18 ní 2024. Wọn kò dín ìjìyà oṣù 4 ti agbábọ́ọ̀lù Luis Suárez kù ní 2014, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó máa bá Barcelona ṣe ìdánrawò.