Kí ni ẹja àti ìkókoré ní í ṣe pẹ̀lú PET scan orí?

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Jámánì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lórí kókó inú ọpọlọ, glioma ni wọ́n pè é, wọ́n sì fún wọn ní rédíéṣọ̀n àti oògùn. MRI, fọ́tò orí tí wọ́n fi ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì yà, èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn wá ń tàn funfun níbi tí wọ́n ti yọ ọ́, dókítà ní òun ò lè fi ìyẹn nìkan sọ bóyá kókó ló padà àbí rédíéṣọ̀n ló fà á, ló bá ní kí wọ́n lọ ṣe PET, fọ́tò tí wọ́n máa ń fi oògùn tó ní rédíéṣọ̀n díẹ̀ gún èèyàn kí wọ́n tó yà á, kì í ṣe ti ṣúgà o, ti amínò ásíìdì, FET ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé oògùn náà ń jẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n má fẹnu kan oúnjẹ fún wákàtí 4 ó kéré tán, nọ́ọ̀sì sì ń béèrè ìbéèrè bí ilẹ̀ bí ẹní: ìgbà wo ni rédíéṣọ̀n parí, oògùn wo lẹ̀ ń lò, ṣé wárápá gbé yín láìpẹ́. Màmá wa ní Ìmọ̀wò ò gbà rárá. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi se ìkókoré, wọ́n ní kí wọ́n jẹ ẹ́ yó kí wọ́n tó jáde, ta ló ń gbé inú òfìfo lọ sọ́sibítù. Kí ló kan oúnjẹ nínú fọ́tò orí?

Ará Ìpẹru:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n sàn. Iṣẹ́ fọ́tò ara ni mo ń ṣe níbí ní Rẹ́mọ. Ẹ bẹ màmá, kí wọ́n jẹ́ kí ìkókoré yẹn wà nínú fíríìjì títí wọ́n á fi dé. Ọpọlọ fúnra ẹ̀ ń jẹ ṣúgà gan-an, PET ṣúgà á mú kí gbogbo orí tàn, kókó á sá pamọ́ sínú ẹ̀. Ọpọlọ tí ara ẹ̀ yá kì í fa amínò ásíìdì púpọ̀, sẹ́ẹ̀lì kókó ló ń fà á torí ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní LAT1 pọ̀ lára ẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń gún fún MRI, ibi tí odi tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ bá ti jò ló ń gbà wọlé, rédíéṣọ̀n náà sì lè mú un jò, ìyẹn ló kó ìdààmú bá dókítà wọn. FET ò dúró de kí odi jò. Ṣùgbọ́n ẹja, ẹran, ẹyin, ẹ̀wà, gbogbo ẹ̀ ló ń di amínò ásíìdì nínú ẹ̀jẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń dù. Bí ìgbà tí mọ́tò kan ṣoṣo wà ní gáréèjì Ṣàgámù tí èrò ẹja ti kún un kí èrò FET tó dé ni. Ohun tó yẹ kó tàn yòò á wá tàn bàìbàì. Kí wọ́n mu omi, omi ò ṣe nǹkan kan.

Ọmọ Orímolúsì, Jámánì:
Òótọ́ lẹ sọ, Bọ̀dá. Ẹ̀rọ yẹn ni mo ń bá ṣiṣẹ́, àsìkò náà ṣe pàtàkì. Agbára FET máa ń dín sí ìdajì láàárín ìṣẹ́jú 110, wọ́n lè fi mọ́tò gbé e wá láti ìlú míì. Methionine tí wọ́n fi carbon-11 ṣe, oògùn PET amínò ásíìdì míì, ìṣẹ́jú 20 péré ni tiẹ̀, ọsibítù tí cyclotron, ẹ̀rọ tó ń ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀, ò bá sí nítòsí ẹ̀ ò lè lò ó. Ìṣẹ́jú 20 sí 40 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ la máa ń ka fọ́tò FET. Ibòmíì wọ́n á jẹ́ kí wọ́n sùn sínú ẹ̀rọ látìgbà abẹ́rẹ́, torí kókó tó le, ìyẹn èyí tó burú, sábà máa ń tètè fà á dé góńgó kó tó máa já wálẹ̀, èyí tí ò le ń gòkè díẹ̀díẹ̀. A ó fi ibi tó tàn wé ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ tó yá, tó bá ju ìlọ́po 1.6 lọ a sábà máa ń kà á mọ́ kókó. Kókó tó bá kéré jù, ẹ̀rọ á fi hàn bíi pé kò tàn tó bó ṣe tàn. Bẹ́ẹ̀ náà, nínú glioma 10 tí ò le, bíi 3 kì í tàn rárá, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tó ṣókùnkùn nìkan fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Ọmọ Alárè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ wárápá yẹn ló ń dùn mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọwọ́ òsì wọn ń gbọ̀n jìgìjìgì fúnra ẹ̀, ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyàwó wọn ló rí i. Wọ́n ní kì í ṣe wárápá torí àwọn ò dákú, wọ́n ò sì fẹ́ sọ kí wọ́n má bàa ní kí wọ́n má wa mọ́tò mọ́.

Ọmọ Orímolúsì, Jámánì:
Wárápá ni o, àǹtí mi, èèyàn ò ní láti dákú. Ẹ fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́. Wárápá lè mú kí èèpo ọpọlọ fa FET bí ẹni pé kókó ló wà níbẹ̀, dókítà tí ò gbọ́ nípa ẹ̀ lè torí ẹ̀ sọ pé àìsàn ti padà, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tí ò yẹ. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kéré sí ìyẹn. Oògùn wárápá ńkọ́, kí wọ́n fi omi lò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, dexamethasone náà, oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, kí wọ́n má fọwọ́ ara wọn dá a dúró, kí wọ́n ṣáà sọ pé àwọn ń lò ó.

Ará Ìpẹru:
Kí wọ́n sọ ọjọ́ tí rédíéṣọ̀n parí náà, MRI máa ń tan èèyàn jẹ jù láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, ara tí rédíéṣọ̀n jó sì lè fa FET díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà tó ti kókó. Kí wọ́n mú ìwé tó sọ irú glioma tó jẹ́ dání pẹ̀lú, torí irú kan tí wọ́n ń pè ní oligodendroglioma sábà máa ń tàn dáadáa bí kò tiẹ̀ le.